"Òun ló kọ́kọ́ nà mí" kò tó láti yọ ọ́ lọ́wọ́ ẹ̀wọ̀n

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n lọ́yà, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ń kọ́ káràté ní Ìbàdàn, ó sì ku díẹ̀ kí n gba bẹ́líìtì dúdú. Olùkọ́ wa sọ pé bí mo bá ti gbà á, mo gbọ́dọ̀ lọ forúkọ ọwọ́ mi sílẹ̀ ní àgọ́ ọlọ́pàá, torí òfin ti kà á sí ohun ìjà. Ó ní bí ẹnikẹ́ni bá sì kọ́kọ́ gbá wa létí, ohunkóhun tí a bá fi ojú ẹ̀ rí, gbígbèjà ara ẹni ni lójú òfin. Àwọn agbèrò kan ní Ìwó Road ń yọ mí lẹ́nu. Bí wọ́n bá tún fọwọ́ kàn mí, ṣé mo lè bá wọn yanjú ẹ̀?

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, irọ́ ni ọ̀rọ̀ ìforúkọsílẹ̀ yẹn. Kò sí òfin kankan ní Nàìjíríà tó ní kí oníkàráté tàbí abẹ̀ṣẹ́ lọ forúkọ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ọlọ́pàá. Ibi tí mo mọ̀ tí irú òfin bẹ́ẹ̀ wà nínú ìwé ni Guam, erékùṣù kan tó wà lábẹ́ Amẹ́ríkà nínú Òkun Pàsífíìkì. Bí ẹnikẹ́ni bá ti gba owó lọ́wọ́ yín fún un, ẹ lọ gba owó yín padà.

Ọ̀rọ̀ kejì ló ń bí mi nínú, torí òun ló ń kó ọmọ ọlọ́mọ sí àtìmọ́lé. "Òun ló kọ́kọ́ nà mí." Ohun tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ sọ fún mi ní àgọ́ ọlọ́pàá nìyẹn, tọkàntọkàn, bí ẹni pé ẹjọ́ ti parí. Kò tíì bẹ̀rẹ̀ rárá.

Òfin tí a ń lò ní Ọ̀yọ́ àti ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ gúúsù ni Criminal Code, ìyẹn ìwé òfin ìwà ọ̀daràn. Èkó ti ṣe tirẹ̀ lọ́tọ̀ ní 2011, àríwá sì ní Penal Code. Nọ́ńbà wọn yàtọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ wọn lórí èyí kò jìnnà síra. Abala 286 nínú Criminal Code ló yẹ kí olùkọ́ yín kà. Ó ní bí ẹnìkan bá kọ lù ọ́ láìtọ́, tí kì í ṣe ìwọ lo tọ́ ọ níjà, o lè lo ìwọ̀n agbára tó bá yẹ láti fi dá a dúró, níwọ̀n ìgbà tí kò bá ti jẹ́ irú agbára tó lè pa á tàbí ṣe é léṣe ńlá. Ìgbà tí ìkọlù náà bá jẹ́ irú èyí tó fún ọ ní ìdí gidi láti bẹ̀rù ikú tàbí ìpalára ńlá, tí o sì ní ìdí láti gbà pé kò sí ọ̀nà mìíràn tí o lè gbà yọ, ìgbà yẹn nìkan ni òfin fàyè sílẹ̀ fún agbára tó lè la ẹ̀mí lọ.

Ibo wá ni ìgbátí bọ́ sí? Ìgbátí dunni, ó sì ń dójú tini lójú èrò gáréèjì, ṣùgbọ́n kò sí adájọ́ tí yóò tètè gbà pé ẹ̀rù ikú ló bà ọ́. O lè dí i. O lè tì í sẹ́yìn, kí o dì í lápá mú, kí o sì kúrò níbẹ̀. Bí o bá wá fi ẹsẹ̀ dá a lórúnkún, o ti kọjá ibi tí òfin dá ọ dúró sí. Abala 298 sọ pé ẹni tí òfin gbà láyè láti lo agbára, tó bá lò ó ní àlòjù, yóò jẹ́jọ́ àlòjù náà. Ẹ̀ṣẹ̀ ṣíṣe èèyàn léṣe ńlá, ọdún méje ni ìjìyà rẹ̀ lè tó. Bó bá kú, tí wọ́n sì pè é ní ìpànìyàn tí a kò pète, ó lè tó ẹ̀wọ̀n gbére.

Ẹ̀gbẹ́ kejì wà tí wọn kì í kọ́ yín. Òfin kò ní kí o dúró kí àdá bà ọ́ ná. Abala 252 ka kí èèyàn ṣe ọwọ́ bí ẹni fẹ́ kọ lù ọ́ mọ́ ìkọlù, bí ó bá ní agbára láti ṣe é lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó gbé àdá sókè sí ọ lè jẹ́ ẹni tí ìwọ kọ́kọ́ nà, kí o má sì jẹ̀bi. Nítorí náà, "ta ló kọ́kọ́ nawọ́" kọ́ ni kóòtù máa ń wádìí jù. Ewu wo ló wà níwájú rẹ lásìkò yẹn? Ṣé ohun tí o ṣe kò ju ewu náà lọ? Ṣé ewu náà ṣì wà nígbà tí o ṣe é? Bí àyè àtikúrò bá wà tí o kò kúrò, wọn yóò gbé ìyẹn náà yẹ̀ wò.

Ìbéèrè "ṣé ewu náà ṣì wà" yẹn ló ń mú àwọn tó kọ́ṣẹ́ ìjà. Nínú kíláàsì, ẹ máa ń so ó pọ̀: dí i, gbá a, gbé e ṣubú, tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Nígbà tí ẹ bá dé ibi ìtẹ̀mọ́lẹ̀, ọkùnrin náà ti wà nílẹ̀, àdá ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀tọ́ rẹ ti parí níbẹ̀. Ìtapá tó tẹ̀ lé e, ìwọ lo ń kọ lu ènìyàn báyìí, fóònù àwọn èrò ọ̀nà sì ń ká a sílẹ̀. Kọnkéré sì kọ́ ni máàtì. Ẹni tí o gbá lẹ́ẹ̀kan péré lè fi orí sọlẹ̀ kó kú. Bó bá sì ṣe pé ó ní àìsàn ọkàn tẹ́lẹ̀, tí ohun tí o ṣe mú ikú rẹ̀ yá, abala 311 ní ìwọ lo pa á.

Bẹ́líìtì rẹ kì í ṣe ohun ìjà, ṣùgbọ́n agbẹjọ́rò ìjọba lè fi bi ọ́: "Ṣé wọ́n kọ́ ọ ní ibi tó lè pààyàn lára? Ṣé wọ́n kọ́ ọ bí a ṣe ń dì èèyàn mú láì ṣe é léṣe?" Kí lo fẹ́ fèsì? Lóòótọ́, nínú ẹjọ́ Palmer tó wá láti Jamaica, èyí tí Privy Council, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ìkẹyìn fún Jamaica ní London, dá ní 1971, wọ́n gbà pé ẹni tí wọ́n kọ lù kò lè fi òṣùwọ̀n wọn agbára tó ń lò. Àánú wà nínú ìyẹn. Má fi ṣe ìdí láti lọ wá ìjà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń béèrè nípa àwọn tó ń já fóònù gbà, abala 289 gbà kí ẹ di ẹrù yín mú tàbí kí ẹ gbà á padà, ṣùgbọ́n láì ṣe ẹni náà léṣe. Tí ẹ bá ti mú un, ọlọ́pàá ló kàn. Ẹ rántí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Port Harcourt mẹ́rin tí wọ́n pa ní Alúù ní oṣù kẹwàá 2012, tí wọ́n pariwo olè lé lórí. Ní 2017, kóòtù dájọ́ ikú fún ènìyàn mẹ́ta lórí ọ̀rọ̀ náà.

Ní ti "bá wọn yanjú ẹ̀" tí o kọ sí mi, lọ pa á rẹ́ lọ́kàn rẹ. Ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ padà lọ síbi tí ìjà wà kí wọ́n lè fọwọ́ kàn án, yóò ṣòro fún un láti sọ pé òun kò tọ́ ẹnikẹ́ni níjà. Gba ọ̀nà mìíràn. Lọ fẹjọ́ àwọn agbèrò náà sùn ní àgọ́ ọlọ́pàá nísinsìnyí, kí àkọsílẹ̀ wà kí ọ̀rọ̀ tó di wàhálà. Gichin Funakoshi, tó mú káràté wọ Tokyo ní 1922, kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ pé kò sí ìkọlù àkọ́kọ́ nínú káràté. Bi olùkọ́ rẹ bóyá ó ti kà á rí. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, wá olùkọ́ mìíràn.

Àlàyé gbogboogbò lèyí o. Kò lè rọ́pò lọ́yà tó jókòó ka ìwé ẹjọ́ tìrẹ. Bí ìjà bá bá ọ láìròtẹ́lẹ̀, kúrò níbẹ̀ kété tí àyè bá ṣí. Bí ẹni náà bá farapa, pe ẹni tó lè gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ìwọ náà lọ gba ìwé dókítà, ya fọ́tò ojú ọgbẹ́ rẹ, kí o sì gba nọ́ńbà àwọn tó rí i. Tí ọlọ́pàá bá mú ọ, abala 35 nínú Ìwé Òfin ilẹ̀ wa ti 1999 fún ọ ní ẹ̀tọ́ láti dákẹ́ títí o ó fi bá lọ́yà sọ̀rọ̀. Sọ orúkọ rẹ fún wọn, fi sùúrù béèrè fún lọ́yà, má sì buwọ́ lu ìwé tí o kò kà.