Òórùn fínígà nínú agolo fíìmù: ẹ gbé ọṣẹ jù sílẹ̀

Ìbéèrè: Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́. Bàbá àgbà wa ṣiṣẹ́ nídìí mọ́tò sinimá ìjọba nígbà ogun Hítílà. Àwọn ni wọ́n máa ń fi Yorùbá ṣàlàyé àwòrán fún ará ìlú lórí ẹ̀rọ gbohùngbohùn. A bá agolo fíìmù mẹ́fà lórí àjà ilé wọn ní Abẹ́òkúta. Márùn-ún ń rùn bíi fínígà, ìkẹfà kò rùn. Aládùúgbò wa ní ká fi omi ọṣẹ fọ̀ wọ́n, ká sá wọn sóòrùn, kí òórùn náà lè kúrò. Ẹ̀gbọ́n mi ní ká yáa jó gbogbo ẹ̀, pé fíìmù ayé ìgbà yẹn máa ń gbiná fúnra ẹ̀. Ta ni ká gbọ́ tirẹ̀? Ohùn bàbá la fẹ́ gbọ́.

Ìdáhùn: Ẹ má fọ̀ wọ́n, ẹ má sá wọn, ẹ má sì jó wọn. Lẹ́tà kẹrin rèé lọ́dún yìí lórí omi ọṣẹ, ó sì ti ń sú mi.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ti ohùn bàbá kúrò nílẹ̀, kí ọkàn yín má baà dúró sí i. Ó jọ pé kò sí níbẹ̀. Colonial Film Unit ni ẹ̀ka tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá sílẹ̀ ní 1939 láti fi sinimá ṣàlàyé ogun fún àwa ará Áfíríkà, fíìmù tí kò lóhùn ló sì pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Torí pé fíìmù náà yadi ni wọ́n ṣe nílò bàbá yín. Ohun tí bàbá bá sọ lálẹ́ ọjọ́ náà, etí àwọn tó jókòó níwájú mọ́tò ló gbé e lọ. Ẹ wo etí fíìmù náà: bí ihò bá tò lọ lápá ọ̀tún àti lápá òsì, kò sí àyè tí wọ́n máa kọ ohùn sí. Bó bá jẹ́ apá kan ni ihò wà, tí ìlà kan sì rí ségesège lápá kejì, ohùn ń bẹ níbẹ̀, àmọ́ ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ti ẹni tó jókòó sí Lọ́ńdọ̀nù.

Ẹ̀gbọ́n yín kò kúkú parọ́. Irú fíìmù kan wà tí wọ́n ń pè ní nitrate, òun ni àwọn ilé sinimá ńlá ń lò títí di nǹkan bí 1951. Bó bá gbiná, omi kì í pa á, torí inú ara ẹ̀ ló ti ń rí afẹ́fẹ́ tó fi ń jó. Ṣùgbọ́n fíìmù yẹn fẹ̀ tó 3.5 sẹ̀ǹtímítà. Èyí tí mọ́tò sinimá ń gbé kiri ìgbèríko jẹ́ 1.6, àtìgbà tí Kodak sì ti gbé ìwọ̀n yẹn jáde ní 1923, orí ike tí kì í tètè gbiná ni wọ́n ń ṣe é. Nitrate kì í sì í rùn bíi fínígà. Ẹ mú rúlà, kí ẹ wọ̀n ọ́n. Mi ò tíì fojú kan agolo yín o, ẹnu lásán ni mo fi ń wí. Bí ẹ bá bá ọ̀kan tó jẹ́ 3.5, kódà kí wọ́n kọ SAFETY sí etí ẹ̀ (wọ́n lè da ọ̀rọ̀ yẹn kọ láti ara fíìmù mìíràn), ẹ dé agolo náà padà, ẹ gbé e jìnnà sí iná àti sí ibi tí ènìyàn ń sùn, kí ẹ pe ilé ìpamọ́ fíìmù.

Ó kù ọṣẹ àti oòrùn. Fíìmù náà fúnra ẹ̀ ló ń jẹrà tó ń di òórùn yẹn, kò sí ìdọ̀tí kankan tí ẹ fẹ́ fọ̀. Láti ara òwú tàbí igi, pẹ̀lú ásíìdì kan, ni wọ́n ti ń ṣe ike ẹ̀; ásíìdì yẹn náà ló wà nínú fínígà tí ẹ ń fi ṣe sàláàdì. Bí ooru àti ọ̀rinrin bá ti bá ike náà jà fún ọdún pípẹ́, á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ ásíìdì náà jáde. Èyí tó bá jáde á tún máa lé èyí tó kù jáde, bí owó èlé tó ń gorí owó èlé. Fíìmù á súnkì, á lọ́, á wá gan bí ewé gbígbẹ. Image Permanence Institute, ilé ìwádìí lórí ìpamọ́ àwòrán ní Rochester, Amẹ́ríkà, ṣírò ẹ̀: fíìmù tuntun tó wà nínú yàrá tí ooru ẹ̀ jẹ́ 21°C, tí ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ ẹ̀ jẹ́ 50%, á lò tó nǹkan bí 40 ọdún kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í rùn. Lábẹ́ páànù ní Abẹ́òkúta, nínú oṣù kẹta, ta ló ń sọ̀rọ̀ 21? Oòrùn tí aládùúgbò yín fẹ́ fi wò ó sàn ló dá a lára bẹ́ẹ̀. Lóòótọ́ òórùn lè dínkù bí ẹ bá sá a, torí afẹ́fẹ́ á gbé èyí tó ti jáde lọ. Ẹ tún un ṣí lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ ó rí i.

Ti ọṣẹ ló burú jù. Orí ike ni àwòrán wà, nínú jẹ́látìn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tí wọ́n ń rí láti ara awọ àti egungun màlúù. Ìbátan pọ̀nmọ́ ni, ẹ sì mọ ohun tí pọ̀nmọ́ gbígbẹ ń ṣe bó bá wọ omi. Ìyá àgbà kan gbé fíìmù ìgbéyàwó ara ẹ̀ wá bá mi lọ́dún tó kọjá. Wọ́n ti rẹ ẹ́ sínú omi ọṣẹ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, wọ́n wá fi táwẹ́lì funfun nù ún tìfẹ́tìfẹ́ látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Mo na fíìmù náà síwájú iná: ike gaara, ó ń dán. Àwòrán ti wà lára táwẹ́lì, ó lẹ̀ mọ́ ọn bí ẹ̀kọ. Màmá ní, "Ṣé ẹ ò lè ká a padà láti ara táwẹ́lì ni?"

Ẹ má sì kó káńfọ̀ sínú agolo o.

Ohun tí ẹ máa ṣe: ẹ ṣí i níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, ẹ bo imú, ẹ wọ ìbọ̀wọ́. Agolo tó bá ti dípẹtà, ẹ pààrọ̀ ẹ̀. Ẹ kó wọn kúrò lórí àjà wá sí yàrá tó tutù jù tó sì gbẹ jù nílé. Fírísà máa ń dín ìjẹrà náà kù gan-an, àmọ́ kì í ṣe fírísà tí iná ń lọ tó ń bọ̀. Bó bá ti ń dì tó ń yọ́, omi lẹ ń bù sí i yẹn. Ẹ má gbé e sórí ẹ̀rọ sinimá àtijọ́ kankan, torí ihò fíìmù tó ti súnkì kò ní bá eyín ẹ̀rọ mu mọ́, á sì fà á ya. Ẹ tú ìwọ̀n apá kan péré, kí ẹ fi dígí ìmóhun-tóbi ka àkọlé ẹ̀. Bó bá jẹ́ fíìmù ìjọba, ẹ kọ̀wé sí ilé ìpamọ́ fíìmù ìjọba àpapọ̀ ní Jos tàbí sí British Film Institute, ilé ìpamọ́ fíìmù àwọn Gẹ̀ẹ́sì, kí ẹ tó náwó dà á kọ, ó lè jẹ́ pé ẹ̀dà tó dáa ju tiyín lọ wà lọ́wọ́ wọn. Bó bá jẹ́ bàbá ló fọwọ́ ara wọn yà á, òun ni kí ẹ náwó lé. Kò sí òmíràn láyé. Bí wọ́n bá sì dà á kọ tán, ẹ má sọ ògidì nù. Library of Congress, ilé ìkàwé ńlá ti ìjọba Amẹ́ríkà, gbé ìwádìí kan jáde ní 2013: nínú fíìmù gígùn aláìlóhùn tó tó nǹkan bí 11,000 tí Amẹ́ríkà ṣe, 14% péré ló ṣẹ́kù ní pípé bí wọ́n ṣe kọ́kọ́ gbé e jáde. Iná jó nínú wọn, àmọ́ ọ̀pọ̀ ni àwọn tó ni wọ́n fọwọ́ ara wọn dà nù.

Ìkẹfà tí kò rùn yẹn, ẹ gbé e kúrò láàárín àwọn yòókù lónìí. Èéfín ásíìdì wọn á ràn án.