Sóyà tí kò hù mọ́: ṣé irúgbìn ni, àbí ilẹ̀?

Ìbéèrè: Ó ti di ọdún mẹ́ta tí mo ti ń gbin ẹ̀wà àti sóyà tí mo yọ sílẹ̀ nínú ìkórè ara mi. Ẹ̀wà ṣì ń gbìyànjú, ṣùgbọ́n sóyà ń hù kọ̀ọ̀kan, kọ̀ọ̀kan. Ṣé ilẹ̀ ló ti ṣá ni?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì dá ilẹ̀ lẹ́bi. Sóyà kì í pẹ́ kú nínú àpò. Òróró pọ̀ nínú rẹ̀, èèpo rẹ̀ sì fẹ́lẹ́. Bí ooru àti ọ̀rinrin bá bá a níbi tí ẹ kó o sí, oṣù mélòó kan ti tó láti ba híhù rẹ̀ jẹ́, bó tilẹ̀ ṣì ń dán lójú.

Ẹ dán an wò ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú gbígbìn. Ẹ bu láti òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ àpò, ẹ pò ó pọ̀, kí ẹ ka 100 láì ṣà á. (Èyí tó rẹwà nìkan lọ̀pọ̀ ń mú, wọ́n sì ń tan ara wọn jẹ.) Ẹ tẹ́ ẹ sórí aṣọ tútù, ẹ ká a, kó má gbẹ, kó má sì rin gbingbin kó má baà jẹrà. Ní ọjọ́ keje, ẹ ka èyí tó yọ gbòǹgbò àti ọ̀mùnú tó yè kooro. Bí 80 bá hù, ẹ gbìn ín. Bí ó bá jẹ́ 60, ẹ fi kún un: ibi tó ń gba 20 kìlò tẹ́lẹ̀ á gba bíi 27. Bí kò bá tó 60, ẹ wá òmíràn. Èyí tó hù nínú rẹ̀ pàápàá kì í lágbára, koríko á bò ó.

Ní ti orírun, òdòdó ẹ̀wà àti sóyà sábà máa ń gba ara rẹ̀ lóyún, nítorí náà irú tí ẹ tọ́jú kì í tètè yí padà bíi ti àgbàdo. Dídàpọ̀ mọ́ irú mìíràn àti àrùn ló ń bà á jẹ́. Láti inú oko ni kí ẹ ti so okùn mọ́ igi ẹ̀wà tí ewé rẹ̀ kò ká, tí kò sì ní àbàwọ́n. Lára wọn nìkan ni kí ẹ ti mú irúgbìn.

Sóyà tí ẹ bá fẹ́ rà, ẹ béèrè agbègbè tí wọ́n dá irú rẹ̀ fún. Èyí tí wọ́n dá fún ibi tí ojúmọ́ ti ń gùn gan-an á yára tanná nítòsí ìlà agbedeméjì ayé, á kúrú, èso rẹ̀ á sì kéré.

Ẹ̀wà tiyín, ẹ sá a gbẹ dáadáa, ẹ ṣa oníhò dànù, ẹ rọ ọ́ kún inú ike tí afẹ́fẹ́ kò lè wọ̀.