Ẹ má fi ọmọ ṣe ògbufọ̀ fún ìyá rẹ̀ lọ́dọ̀ dókítà

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní ìyàwó yín ṣẹ̀ṣẹ̀ wá bá yín ní abúlé tí ẹ ti ń ṣiṣẹ́ oko lókè òkun, pé kò gbọ́ èdè ibẹ̀, àti pé ọmọbìnrin yín, ọmọ ọdún 10, ló ń bá a túmọ̀ ọ̀rọ̀ ní kílíníìkì. Ẹ ní ṣé kò séwu. Ewu wà ńbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́.

Èmi náà ti ṣe irú ọmọ bẹ́ẹ̀ rí. Nǹkan oṣù ìyá mi kì í dá bọ̀rọ̀, ẹ̀jẹ̀ náà sì pọ̀, ṣùgbọ́n ta ni yóò la ẹnu sọ ìyẹn létí ọmọdé? "Sọ fún un pé inú ń run mí." Ohun tí mo sọ nìyẹn. Oògùn inú rírun la ń gbà bọ̀ wálé, títí òòyì fi gbé e ṣubú lẹ́nu ọ̀nà. Kókó tí wọ́n ń pè ní fibroid ló wà nínú ilé ọmọ rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lára rẹ̀. Dókítà ò mọ̀, nítorí ẹnikẹ́ni ò sọ fún un.

Nígbà tí ẹ bá ń gba ọjọ́ tí ẹ máa rí dókítà, ẹ sọ pé ẹ nílò ògbufọ̀, kí ẹ dárúkọ èdè yín, kí ẹ sì ní obìnrin lẹ ń fẹ́. Ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn máa ń lo ti orí fóònù: wọ́n á gbé fóònù sórí tábìlì, ohùn ẹni náà á máa jáde láti ọ̀nà jíjìn. Mo fara mọ́ èyí ju ọmọ ìlú yín tó wà nítòsí lọ. Ní abúlé tí ẹ ò ti ju ìwọ̀nba lọ, ọ̀rọ̀ àṣírí kì í pẹ́ tàn kálẹ̀, ìyàwó yín náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ fi èyí kún un. Bí ara rẹ̀ bá gbóná ní oṣù díẹ̀ tó dé yìí, tó sì jẹ́ pé ilẹ̀ tí ibà malaria wà ló ti wá, kí ó tètè sọ bẹ́ẹ̀, kí ó sì ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ òun wò fún ibà lọ́jọ́ náà gan-an. Dókítà ibẹ̀ lè rò pé ọ̀fìnkìn lásán ni. Ibà tí kòkòrò Plasmodium falciparum ń fà lè gbẹ̀mí èèyàn láàárín wákàtí 24 bí wọn ò bá tọ́jú rẹ̀.

Bí wọ́n bá ní àwọn ò ní ògbufọ̀, ẹ pe ilé ìwòsàn ńlá tí wọ́n máa ń gbé aláìsàn abúlé yín lọ, kí ẹ bi wọ́n léèrè èyí tí àwọn ń lò. Ẹ pè wọ́n kí ọjọ́ tí wọ́n dá fún un tó pé.