Ibojì tí kò sí òkú nínú rẹ̀: ṣé àṣà òyìnbó ni?

Ẹnìkan béèrè pé: "Lọ́jọ́ 15 oṣù Kìíní ọdọọdún, ààrẹ àti àwọn gómìnà máa ń gbé òdòdó síwájú ibojì sójà tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀. Bàbá mi ní àṣà òyìnbó ni, pé Yorùbá kì í ṣẹ̀yẹ fún ibojì òfìfo. Ṣé òótọ́ ni? Àbúrò bàbá mi àgbà lọ sógun Hítílà, kò sì padà wálé. Kí la lè ṣe fún un?"

Bàbá yín jàre níbì kan. Ètò yẹn, látorí fèrè tí wọ́n ń fọn dórí òdòdó, ọwọ́ Gẹ̀ẹ́sì la ti gbà á. Ọjọ́ 11 oṣù Kọkànlá la tiẹ̀ ń ṣe é tẹ́lẹ̀, nítorí ọjọ́ náà lọ́dún 1918 ni Ogun Àgbáyé Kìíní dáwọ́ dúró. Ìjọba sún un sí ọjọ́ 15 oṣù Kìíní nítorí pé ọjọ́ yẹn lọ́dún 1970 ni Philip Effiong wá bá Gowon ní Dodan Barracks l'Ékòó, tó túúbá lórúkọ Biafra. Ọjọ́ yẹn kan náà lọ́dún 1966 ni àwọn ọ̀gá sójà kan pa Balewa àti Akíntọ́lá, àmọ́ ẹ ò ní gbọ́ ìyẹn níbi ayẹyẹ.

Ibi tó ti ní Yorùbá kì í ṣẹ̀yẹ fún ẹni tí òkú rẹ̀ ò sí nílé ni mi ò gbà. Àwọn baba wa jagun débi pé ibùdó ogun ni ọ̀pọ̀ ọkùnrin gbó sí. Ogun Kírìjì nìkan, ọdún 16 ni, 1877 sí 1893. Ẹni tó bá kú lápá Ìgbájọ tí ilé rẹ̀ sì wà n'Íbàdàn, ta ni yóò gbé òkú rẹ̀ rin gbogbo ọ̀nà yẹn nínú oòrùn? Wọ́n á gé irun orí rẹ̀, wọ́n á rẹ́ èékánná rẹ̀, wọ́n á tọ́jú rẹ̀ títí yóò fi dọ́wọ́ ará ilé. Ẹ̀ta ni wọ́n ń pè é. Bí ẹ̀ta bá ti délé, òkú délé nìyẹn. Wọ́n á gbẹ́ ilẹ̀, wọ́n á sin ín, àwọn ọmọ á sì ṣòkú bí ẹni pé orí ẹní ni baba wọn kú sí.

Tàwọn ọdẹ tún ju ìyẹn lọ, àwọn náà sì ni ìlú máa ń ké sí bí ogun bá dé. Bí ọdẹ bá kú, ẹgbẹ́ rẹ̀ á ṣípà fún un. Wọ́n á ṣe ère, wọ́n á gbé aṣọ ọdẹ olóògbé wọ̀ ọ́, wọ́n á dé e ní fìlà rẹ̀, wọ́n á gbé àpò kọ́ ọ léjìká, wọ́n á wá gbé e wọgbó. Ìrèmọ̀jé, orin arò ọdẹ, ni wọ́n á máa sun, ìbọn á máa dún. Kò sí òkú nínú ère yẹn, òkú ti wà nílẹ̀ tipẹ́. Ẹni tó bá mọ ìpà ọdẹ, Sójà Ìdúmọ̀tà, ère ìrántí ogun tó wà l'Ékòó tẹ́lẹ̀, ò lè ṣàjèjì sí i. Ère méjì ló wà níbẹ̀ kí wọ́n tó gbé e kúrò: sójà kan àti aláàárù kan, nítorí àwọn tó kú ní Kamẹrúùnù àti Ìlà-Oòrùn Áfíríkà nínú ogun àkọ́kọ́. Aláàárù yẹn ló wù mí jù. Ẹni tó ru ẹrù títí tó fi kú kì í sábà rí ère.

Ní ti ogun Hítílà, Bọ́mà, tí wọ́n ń pè ní Myanmar báyìí, ni wọ́n kó ọ̀pọ̀ àwọn èèyàn wa lọ. Isaac Fádóyèbọ̀, ọmọ Èmùrè-Ilé nítòsí Ọ̀wọ̀, jẹ́ ọmọ ọdún 16 nígbà tó wọṣẹ́ sójà. Lọ́dún 1944, àwọn ará Japan kọ lù wọ́n ní àfonífojì Kaladan, ìbọn sì ba ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́. Ìdílé Mùsùlùmí kan ní abúlé ibẹ̀ ló fi òun àti David Kagbo, ọmọ Sierra Leone, pamọ́ fún oṣù mẹ́sàn-án. Ó padà wálé, ọdún 2012 ló tó kú. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ ò padà. Ní Taukkyan, ibi ìsìnkú àwọn sójà lẹ́yìn ìlú Rangoon ní Bọ́mà, orúkọ nǹkan bí 27,000 sójà tí kò ní sàréè ló wà lára òkúta, ọmọ Áfíríkà sì wà nínú wọn. Irun àti èékánná ò sí mọ́. Orúkọ yẹn ló dípò ẹ̀ta.

Ẹyẹlé tí wọ́n ń jù sókè níbi ayẹyẹ ọjọ́ 15 yẹn ńkọ́? Wọ́n ní àmì àlàáfíà ni. Yorùbá ní ẹyẹlé kì í bá onílé jẹ, kó bá onílé mu, kó dọjọ́ ikú kó yẹrí. Àwọn sójà afẹ̀yìntì tí wọ́n ti lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé iṣẹ́ ìṣúná l'Ábújà nítorí owó ìfẹ̀yìntì, àwọn ni kí ẹ bi bóyá ẹyẹlé yẹrí.

Ní ti bàbá yín àgbà kékeré, ẹ wá orúkọ rẹ̀ lórí ìtàkùn Commonwealth War Graves Commission, àjọ tó ń tọ́jú sàréè àti orúkọ àwọn sójà tó kú sógun, ọ̀fẹ́ ni. Àmọ́ ẹ má fi sípẹ́lì òde òní nìkan wá a. Bí akọ̀wé òyìnbó ṣe gbọ́ ọ ló ṣe kọ ọ́, ọ̀pọ̀ ni wọ́n sì fi orúkọ ìlú ṣe orúkọ bàbá fún, irú bíi Lawani Ibadan. Ẹ gbìyànjú orúkọ ìlú yín náà.