Ẹ Béèrè, A Dáhùn: Nígbà tí ọpọlọ kúrò nínú switch

Lẹ́tà tó pọ̀ jù lọ́wọ́ wa báyìí dá lórí SDN, ìyẹn fífi sọ́fítíwíà darí gbogbo nẹ́tíwọ́kì láti ojú kan. A mú márùn-ún nínú wọn.

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Olùkọ́ wa sọ pé SDN ń ya ọpọlọ nẹ́tíwọ́kì kúrò lára ọwọ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dùn-ún gbọ́, àmọ́ kò yé mi. Kí ni wọ́n yà gan-an?
Akẹ́kọ̀ọ́ kan, Ògbómọ̀ṣọ́

Iṣẹ́ méjì ni switch tàbí router, àwọn àpótí tó ń darí dátà nínú nẹ́tíwọ́kì, ń ṣe. Ọ̀kan ni ìpinnu: ibo ni kí packet (ègé dátà) yìí gbà? Èkejì ni gbígbé e kọjá: kí èyí tó wọlé ní port 3 jáde ní port 7 kíá. Tẹ́lẹ̀, àpótí kan náà ló ń ṣe méjèèjì. Router kọ̀ọ̀kan á fi OSPF tàbí BGP, ìlànà tí àwọn router fi ń sọ ọ̀nà fún ara wọn, bá aládùúgbò rẹ̀ sọ̀rọ̀, á sì dá ìpinnu tirẹ̀ ṣe. Bí ilé-iṣẹ́ bá ní switch 40, tí wọ́n fẹ́ fi VLAN (ìpín nẹ́tíwọ́kì tó dá dúró) tuntun kan kún un, ẹnìkan ní láti wọ inú ogójì yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan. Bó bá gbàgbé ẹyọ kan, ibẹ̀ ni wọn yóò ti máa wá àlébù títí ilẹ̀ á fi ṣú.

SDN gbé ìpinnu kúrò nínú àpótí, ó gbé e fún sọ́fítíwíà kan tí à ń pè ní controller, tó ń ṣiṣẹ́ lórí sáfà. Ohun tó ṣẹ́ kù sínú switch ni tábìlì. Ìlà kọ̀ọ̀kan nínú rẹ̀ ní nǹkan mẹ́ta: àmì tí a fi ń dá packet mọ̀, ohun tí a ó fi packet náà ṣe, àti iye packet tó ti bá ìlà náà mu. Bó ṣe ń rí rèé:

priority=100,ip,nw_dst=10.0.0.2 actions=output:2

Ìyẹn ni pé packet IP yòówù tó bá ń lọ sí 10.0.0.2, tì í jáde ní port 2. Priority ni ipò ìlà náà láàárín àwọn yòókù: bí packet bá bá ìlà méjì mu, èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ tóbi jù ló ń borí. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Controller ló kọ ìlà náà. Switch kàn ń ṣe ohun tó wà níbẹ̀ ni.

Yunifásítì Stanford ni ọ̀rọ̀ yìí ti gbilẹ̀. Lọ́dún 2007, Martin Casado àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́, Nick McKeown àti Scott Shenker wà lára wọn, gbé Ethane jáde: nẹ́tíwọ́kì tí controller kan ń pinnu ẹni tó lè bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀. Lọ́dún 2008 ni OpenFlow tẹ̀lé e, èdè tí controller fi ń bá switch sọ̀rọ̀.

Ṣé òótọ́ ni pé SDN ti ba ọjà àwọn tó ń ta router ńlá jẹ́? Àwa tí à ń fọwọ́ kọ config ńkọ́?
Ẹnjiníà nẹ́tíwọ́kì kan, Ìkẹjà

Kò bà á jẹ́. Ó tún un pín ni. Tẹ́lẹ̀, ẹni tó ta irin fún yín ló ta sọ́fítíwíà inú rẹ̀, òun náà lẹ ó sì padà lọ bá nígbà tí ẹ bá nílò nǹkan tuntun. Lónìí, ilé-iṣẹ́ lè ra switch oníṣíìpù Broadcom lọ́wọ́ ẹnìkan, kó fi SONiC, tí Microsoft gbé síta lọ́fẹ̀ẹ́ ní 2016, sórí rẹ̀. Bí àwọn onípò ńlá ṣe ka ọ̀rọ̀ yìí sí hàn ní 2012, nígbà tí VMware san nǹkan bíi bílíọ̀nù 1.26 dọ́là láti ra Nicira, ilé-iṣẹ́ kékeré tí Casado, McKeown àti Shenker dá sílẹ̀.

Google wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fi hàn pé ó ṣeé ṣe ní ìwọ̀n ńlá. B4 ni wọ́n pe nẹ́tíwọ́kì tó so àwọn ilé dátà wọn pọ̀ káàkiri ayé. Nínú ìwé tí wọ́n kọ nípa rẹ̀ ní 2013, wọ́n ní ọ̀pọ̀ okùn àwọn ń kún dé bèbè, àti pé bí a bá pín in dọ́gba lórí àkókò gígùn, ó ń tó 70% fún okùn kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ kì í jẹ́ kí okùn ọ̀nà jíjìn kún ju 30% sí 40% lọ, nítorí wọ́n ń fi àyè sílẹ̀ de ọjọ́ tí òmíràn bá já. Controller Google mọ èyí tó lè dúró díẹ̀, bíi kíkó ẹ̀dà dátà láti ibì kan síbòmíràn, ó sì mọ èyí tí kò lè dúró rárá. Bí okùn kan bá já, èyí tó lè dúró á yà fún ìkejì.

Àmọ́ OpenFlow fúnra rẹ̀ kò gba ọjà bí wọ́n ṣe rò. TCAM, ìrántí inú ṣíìpù tó ń yẹ gbogbo ìlà wò lẹ́ẹ̀kan náà, owó rẹ̀ wọ́n, ó ń jẹ iná, ìlà ẹgbẹ̀rún mélòó kan péré ló sì ń gbà nínú ọ̀pọ̀ switch. Bí packet àkọ́kọ́ nínú ìjíròrò kọ̀ọ̀kan bá tún ní láti gòkè lọ bá controller, CPU kékeré inú switch á há. Ohun tó wá tàn kálẹ̀ ni VXLAN, tó ń pín nẹ́tíwọ́kì bíi VLAN, nínú ilé dátà (ó gba nǹkan bíi mílíọ̀nù 16 ìpín, VLAN kò ju 4094 lọ), SD-WAN (SDN fún okùn ọ̀nà jíjìn) láàárín àwọn ẹ̀ka, àti kíkọ config láti inú API, ojú tí sọ́fítíwíà fi ń bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀.

Ní ti iṣẹ́ yín, ẹ má ju BGP nù, orí rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ VXLAN ń gùn. Ẹ fi Python, Git, NETCONF (ìlànà fífi config ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ) àti YANG (èdè tí a fi ń ṣàpèjúwe config) kún un. Ní 2020 ni Cisco gbé ìdánwò DevNet jáde fún irú ìmọ̀ yìí, èyí sì fi ibi tí ọjà ń lọ hàn.

Mo fẹ́ fọwọ́ ara mi ṣe é nílé. Mi ò ní switch kankan, laptop mi sì jẹ́ RAM 4GB. Mo gbìyànjú Mininet, ping ò lọ.
Òǹkàwé kan, Àkúrẹ́

4GB tó. Inú Linux kan ṣoṣo ni Mininet ń dá switch àti kọ̀ǹpútà àfarawé sí. Lórí Ubuntu, ẹ tẹ èyí:

sudo apt install mininet openvswitch-switch
sudo mn --topo single,3 --mac --controller none

Ẹ ti ní switch kan, s1, àti kọ̀ǹpútà mẹ́ta, h1 dé h3, tí àdírẹ́sì wọn jẹ́ 10.0.0.1 dé 10.0.0.3. Ẹ tẹ `h1 ping -c 3 h2`, ìyẹn ni kí h1 béèrè lẹ́ẹ̀mẹta bóyá h2 wà níbẹ̀. Kò ní lọ, bó sì ṣe yẹ kó rí nìyẹn: tábìlì ṣófo, kò sí controller tí yóò kọ nǹkan sínú rẹ̀. Ẹ̀yin gan-an ni kí ẹ ṣe controller náà:

sh ovs-ofctl add-flow s1 ip,nw_dst=10.0.0.2,actions=output:2
sh ovs-ofctl add-flow s1 ip,nw_dst=10.0.0.1,actions=output:1

Ẹ ping lẹ́ẹ̀kan sí i. Kò tíì lọ. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń pa laptop dé. Ẹ tẹ `sh ovs-ofctl dump-flows s1`, kí ẹ wo n_packets: 0 ni lórí ìlà méjèèjì, kò sí packet kankan tó bá wọn mu. Kí ló dé? Kí h1 tó lè fi packet IP ránṣẹ́, ó ní láti kọ́kọ́ fi ARP béèrè ẹni tó ni 10.0.0.2. ARP kì í ṣe IP. Kò sí ìlà tó mọ̀ ọ́n, switch sì dà á nù. Ẹ fi èyí kún un:

sh ovs-ofctl add-flow s1 arp,actions=flood

Ping á lọ wàyí. Bí ẹ bá tún wo tábìlì, n_packets á ti di 3 lórí ìlà IP kọ̀ọ̀kan: ìbéèrè mẹ́ta lọ, ìdáhùn mẹ́ta bọ̀. Ẹni tó bá ti rí òǹkà yẹn kúrò lórí 0 pẹ̀lú ojú ara rẹ̀ ti mọ bí SDN ṣe ń ṣiṣẹ́.

Àlébù mìíràn tó máa ń dé: ìlà tí ẹ kò bá kọ priority sí, 32768 ni tirẹ̀, nítorí náà bí ẹ bá wá fi ìlà ìdènà sí 100, kò ní borí láéláé. Bí switch bá ń sọ OpenFlow 1.3 nìkan, ẹ fi `-O OpenFlow13` sínú àṣẹ ovs-ofctl, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọn ò ní gbọ́ ara wọn. Bí Mininet bá kú lójijì, `sudo mn -c` ló ń gbá ilẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá sì fẹ́ tẹ̀síwájú pẹ̀lú controller Ryu, tí àṣìṣe ALREADY_HANDLED bá yọ, eventlet, sọ́fítíwíà tí Ryu gùn lé, ló ti tuntun jù: kó padà sí 0.30.2.

A ní ẹ̀ka ní Ìbàdàn, Òṣogbo àti Èkó. Wọ́n bá wa fi SD-WAN sí i. Ping ń lọ, lẹ́tà kékeré ń lọ, àmọ́ fáìlì ńlá á kàn dúró gbọin.
Alábòójútó ọ́fíìsì kan, Ìbàdàn

Àfàìmọ̀ kó má jẹ́ MTU, ìyẹn ìwọ̀n packet tó tóbi jù tí ojú ọ̀nà lè gbà. SD-WAN máa ń fi àpò mìíràn bo packet kí ó tó rán an, àpò yẹn náà sì ní ìwọ̀n. Packet tó ti kún dé báìtì 1500 kò ní gba ojú ọ̀nà mọ́. Ó yẹ kí router fi ICMP, ìlànà ìkìlọ̀ láàárín àwọn ẹ̀rọ, sọ fún ẹni tó rán an pé kó dín in kù, ṣùgbọ́n bí firewall bá ti dí irú ICMP yẹn, kò sẹ́ni tí yóò gbọ́. Láti kọ̀ǹpútà Linux ní ẹ̀ka kan, ẹ ping èkejì pẹ̀lú `-M do -s 1472`. Lórí Windows, `-f -l 1472`. Bí kò bá lọ, ẹ máa fi mẹ́wàá mẹ́wàá dín in kù títí yóò fi lọ. Ẹ fi 28 kún iye tó lọ, MTU yín nìyẹn. Ẹ yọ 40 kúrò nínú MTU, MSS (ìwọ̀n dátà tó pọ̀ jù nínú packet kan) tí ẹ ó sọ fún ẹ̀rọ SD-WAN nìyẹn. Bí 1372 bá ni ó lọ, MTU jẹ́ 1400, MSS jẹ́ 1360.

Ẹ sì bi àwọn tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì fún yín léèrè ibi tí okùn wọn gbà. Okùn méjì tó gba kòtò kan náà, okùn kan ni lọ́jọ́ tí katakátá bá dé.

Ẹ̀rù tó ń bà mí nìyí: bí gbogbo ọpọlọ bá wà lójú kan, tí controller bá kú ńkọ́?
Òǹkàwé kan, Kútọnu

Ẹ̀rù náà tọ́. Lórí Open vSwitch, switch onísọ́fítíwíà tí a lò nínú Mininet lókè, ẹ̀yin lẹ ó yàn. Fail-mode ni wọ́n pe ohun tí switch á ṣe bí controller bá kú. Bí fail-mode bá jẹ́ standalone, switch á padà di switch lásán tó ń kọ́ àdírẹ́sì fúnra rẹ̀. Iṣẹ́ ń lọ, àmọ́ àwọn òfin ààbò tí controller kọ kò sí níbẹ̀ mọ́. Bó bá jẹ́ secure, á máa tẹ̀lé ìlà tó wà nílẹ̀, kò ní gba tuntun. Nínú ipò kejì yìí, ẹ ṣọ́ra fún idle_timeout: ìlà tó bá ti sùn kọjá àkókò rẹ̀ á pa rẹ́, kò sì sí ẹni tí yóò tún un kọ.

Controller mẹ́ta ni kí ẹ tò, kì í ṣe méjì. Ìdìbò ni wọ́n ń ṣe láàárín ara wọn: nínú mẹ́ta, bí ọ̀kan bá kú, méjì ṣì jẹ́ ọ̀pọ̀, nínú méjì, ẹyọ kan tó ṣẹ́ kù kì í ṣe ọ̀pọ̀, á kàn dúró ni.

Google fúnra rẹ̀ rí i ní ọjọ́ kejì oṣù Kẹfà 2019. Ẹ̀rọ ìtọ́jú aládàáṣe wọn ṣèèṣì dá iṣẹ́ controller dúró ní ibùdó mélòó kan lẹ́ẹ̀kan náà. Nẹ́tíwọ́kì ṣì ń lọ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ lórí ohun tó wà nínú tábìlì, lẹ́yìn náà ni BGP yọ àwọn ọ̀nà kan kúrò, ojú ọ̀nà sì há fún ohun tó lé ní wákàtí mẹ́ta. Ó kan YouTube àti Gmail. Èyí tó dùn wọ́n jù ni pé orí nẹ́tíwọ́kì tó há yẹn náà ni irinṣẹ́ àtúnṣe wọn ń gbà kọjá.

Nítorí náà, ẹ ní ọ̀nà mìíràn tẹ́ ẹ lè gbà dé ọ̀dọ̀ switch, kódà kó jẹ́ modem 4G tó so mọ́ port console. Kí àwọn òṣìṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í lo nẹ́tíwọ́kì náà, ẹ yan òru ọjọ́ Àìkú kan, kí ẹ pa controller mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ẹ fi wọ́n sílẹ̀ fún wákàtí kan, kí ẹ máa kọ ohun tó kọ́kọ́ dúró sílẹ̀ àti ìṣẹ́jú tó dúró.