Báwo ni metasurface tó ń yí padà kíákíá ṣe ń darí ìmọ́lẹ̀?

Metasurface jẹ́ ìpele tín-ín-rín tí wọ́n to nǹkan kéékèèké sí lára, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kéré ju gígùn ìgbì ìmọ́lẹ̀ lọ. Bí wọ́n ṣe tò wọ́n ló ń pinnu ibi tí ìmọ́lẹ̀ máa yà sí. Ṣùgbọ́n tí ìpele náà bá yí padà nígbà tí ìmọ́lẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀, àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ gan-an á yí, torí pé iye ìgbà tí ìgbì rẹ̀ ń mì ní sẹ́kọ́ńdù kan ti yàtọ̀.

Iyára ni wàhálà ibẹ̀. Liquid crystal, irú èyí tó wà nínú tẹlifíṣọ̀n, ń gba mílísẹ́kọ́ńdù (ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún sẹ́kọ́ńdù) mélòó kan láti yí. Ìyẹn ti falẹ̀ jù. Wọ́n máa ń lo indium tin oxide, ohun kan náà tó wà lójú fóònù yín. Tí léésà bá kọlù ú, ẹlẹ́ktírọ́ọ̀nù inú rẹ̀ á gbóná lójijì, bó ṣe ń dá ìmọ́lẹ̀ padà á sì yí.

Ní 2023, àwọn onímọ̀ Imperial College London fi ohun yìí ṣe dígí (pẹrẹsẹ ni, kò tilẹ̀ ní àwọn nǹkan kéékèèké yẹn lára). Léésà mú kó dá ìmọ́lẹ̀ padà gan-an lẹ́ẹ̀mejì léraléra. Ìmọ́lẹ̀ tó bá a pàdé nígbà méjèèjì pín sí àwọ̀ tó ń lágbára tó ń rọ̀, bíi ti ìdánwò Thomas Young, onímọ̀ tó mú ìmọ́lẹ̀ gba ihò tóóró méjì kọjá tó sì rí ìlà tó mọ́lẹ̀ àti èyí tó ṣókùnkùn, àmọ́ ihò ti àkókò ni tibí, kì í ṣe ihò gidi. Femtosecond 1 sí 10 ni dígí náà fi yí (femtosecond kan jẹ́ ìdá kan nínú mílíọ̀nù bílíọ̀nù sẹ́kọ́ńdù), ó yá ju bí wọ́n ṣe rò lọ.