Ṣé dandan ni kí ọmọ mi yan orin tàbí eré?

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú wa ọ̀wọ́n, ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún 17, ni ó máa ń lé orin nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wa, òun náà ni ó sì máa ń ṣe Màríà nínú eré Kérésìmesì. Ọ̀gá akọrin ti kìlọ̀ fún un pé eré yóò ba ohùn rẹ̀ jẹ́, kí ó yáa mú ọ̀kan. Ọmọ náà ní obìnrin aláwọ̀ dúdú kan wà ní Amẹ́ríkà, Audra McDonald, tí ó ń ṣe méjèèjì pọ̀. Ṣé òótọ́ ni? — Ìyá Akọrin, Òkè-Fìà, Òṣogbo.

ÌDÁHÙN: Òótọ́ ni, Ìyá wa. Ìlú Berlin ni wọ́n bí Audra McDonald sí ní 1970, nígbà tí bàbá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà níbẹ̀, ṣùgbọ́n Fresno ní California ni ó dàgbà sí, ibẹ̀ ni ó sì ti bẹ̀rẹ̀ eré orí ìtàgé láti kékeré. Orin òpẹ́rà ni ó lọ kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ Juilliard ní New York, bẹ́ẹ̀ ìtàgé Broadway, àwọn ilé eré ńlá ìlú náà, ni ọkàn rẹ̀ wà. Ó jáde ní 1993; nígbà tí yóò fi di 1994, ó ti gba àmì-ẹ̀yẹ Tony, èyí tí wọ́n fi ń dá àwọn òṣèré Broadway lọ́lá, fún ipa kan tí ó jẹ́ pé àwọn aláwọ̀ funfun ni ó sábà máa ń kó o tẹ́lẹ̀.

Àmì-ẹ̀yẹ náà ti di mẹ́fà lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí. Eyí tí ó gbà ní 2014 ni ó kan ọ̀rọ̀ yín jù. Billie Holiday, olórin jáàsì tí ó kú ní 1959, ni ó ṣe nínú eré náà. Orin ni ó kún inú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, síbẹ̀ ìsọ̀rí àwọn eré tí kì í ṣe olórin ni wọ́n ti fún un ní ẹ̀bùn. Kò lo ohùn òpẹ́rà tí ó kọ́. Ohùn Holiday tí ó ti rẹ̀, tí ó ti ń há, ni ó fi ń kọrin lálaalẹ́, tirẹ̀ kò sì bàjẹ́. Ẹ̀kọ́ tí ó kọ́ nípa mímí àti lílo ọ̀fun ni mo rò pé ó gbà á. Níbi yìí ni ọ̀gá akọrin ti ní ẹjọ́ díẹ̀ í rò: ẹni tí kò kọ́ bí a ti ń gbé ohùn, tí ó ń pariwo lórí ìtàgé, yóò há lóòótọ́.

Ṣùgbọ́n ó yà mí lẹ́nu pé Òṣogbo ni irú ìbéèrè yìí ti wá, ìlú tí Dúró Ládípọ̀ àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń ṣe Ọba Kò So, eré olórin nípa Ṣàngó, ní gbọ̀ngàn Mbárí Mbáyọ̀, kí wọ́n tó gbé e lọ sí Berlin kan náà yẹn ní 1964. Nígbà tí Abíọ́dún Dúró Ládípọ̀ bá ń ṣe Ọya nínú rẹ̀, ta ni ó lè tọ́ka sí ibi tí orin ti parí tí eré ti bẹ̀rẹ̀?

Ẹ wá olùkọ́ ohùn fún un kí ó tó wọ yunifásítì. Ní Ifẹ̀ tí kò jìnnà sí yín, ẹ̀ka orin wà lọ́tọ̀, ẹ̀ka eré oníṣe náà wà lọ́tọ̀. Kí ó kọ́kọ́ béèrè bóyá ẹni tí ó bá wọ ọ̀kan lè gba ẹ̀kọ́ díẹ̀ nínú èkejì.